Bí mo ṣe fi ìbọn ìléwọ́ mi ránṣẹ́ lọ pa láró

Àpò awọ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ìbọn ìléwọ́ Smith & Wesson kan, Model 10, ayé àwọn ọdún 1970, èyí tó ń gba ọta mẹ́fà. Ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni mo ti rà á lọ́dún tí mo di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Mo tì í bọ inú àpò awọ rẹ̀, mo gbé e sínú àpótí onírin, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹni tó bá ti gbé Houston rí mọ bí ọ̀rinrin ibẹ̀ ṣe rí. Awọ a máa fa omi mọ́ra, kì í sì í jẹ́ kó lọ. Nígbà tí mo máa fi yọ ìbọn náà, ìpáàrà ti bo ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, aró dúdú ara rẹ̀ sì ti ṣí kúrò níbi mẹ́ta.

Ìyàwó mi wò ó títí. “Bàbá Tóbi, èyí ti wá jọ ṣakabùlà bàbá yín.” Kí ni mo fẹ́ sọ?

Alágbẹ̀dẹ ìbọn tí mo fẹ́ kó bá mi tún un pa láró wà ní Missouri, ìpínlẹ̀ mìíràn. Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo bi ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ti pẹ́ nílẹ̀ yìí jù mí lọ. Wọ́n ní, “Àbúrò, kí lo ń da ara ẹ láàmú sí? Dì í dáadáa, gbé e lọ sí pósí, sọ fún wọn pé irin ọkọ̀ ni.” Mo ní ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni ìmọ̀ràn yẹn ì bá kó mi sí.

Láti ọdún 1927 títí di àsìkò tí mò ń sọ yìí ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní aráàlú lásán kò gbọdọ̀ fi ìbọn tó ṣeé fi pamọ́ sára ránṣẹ́ nípasẹ̀ pósí. Mo bá yí sí àwọn akẹ́rù. UPS àti FedEx náà kò gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì oníṣòwò ìbọn mọ́. Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òfin ìbọn ti ọdún 1968 fàyè gba ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an: oníbọn lè fi ìbọn rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníláísẹ́ǹsì ní ìpínlẹ̀ mìíràn fún àtúnṣe, onítọ̀hún sì lè dá a padà tààrà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ ni kò sí.

Ẹni tó ní ọkọ̀ ni oníṣọ́ọ̀bù oníláísẹ́ǹsì, àwọn tí gbogbo èèyàn níbí ń pè ní FFL. Òun lè lo pósí, tó bá ti kọ Fọ́ọ̀mù 1508, ìwé ẹ̀rí tí pósí ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ìbọn ránṣẹ́, tó sì jẹ́ pé oníláísẹ́ǹsì bíi tirẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sí. Mo pe alágbẹ̀dẹ Missouri, ó fi ẹ̀dà láísẹ́ǹsì tirẹ̀ tó ti buwọ́ lù ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sílé mi. Ó ku kí èmi gbé ìbọn débẹ̀.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má fi èyí ṣe àwòkọ́ṣe. Ní Nàìjíríà, ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn tí òfin kà léèwọ̀, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ.)

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ sórí tábìlì. Mo ṣí ibi tí wọ́n ń kó ọta sí, mo wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo ti ìka bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí ìyàwó mi náà wò ó. Òfo. Mo ki okùn ike bọ àárín irin rẹ̀ kó má lè pa dé mọ́. Mo tú igi èèkù rẹ̀ sílẹ̀ torí kì í ṣe igi là ń pa láró, mo sì ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìlà tí nǹkan ti ha sára rẹ̀ pàápàá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé bó ṣe wà nìyẹn. Mo fi fóòmù wé e sínú páálí kékeré, páálí kékeré wọ inú ńlá, pẹ̀lú ìwé tó ní orúkọ mi, nọ́ńbà fóònù mi àti iṣẹ́ tí mo fẹ́. Ọta kankan kò sí níbẹ̀.

Mo fi téèpù dí páálí náà pa. Àṣìṣe ni. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà rẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀bẹ, ó gé gbogbo rẹ̀. Kò lè kọ ohun tí kò rí sínú ìwé rẹ̀.

Ìwé yẹn lọ́kàn mi ṣì máa ń lọ sí. Ìwé ńlá kan ni, gbogbo ìbọn tó bá wọlé tó sì jáde ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ATF, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, sì lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà ìbọn mi wà ní ìdí èèkù, lẹ́tà D kan àti nọ́ńbà mẹ́fà. Bàbá kà á, ó kọ ọ́, ó tún kà á, ó dákẹ́. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, ó kán òróró sí i, ó rọra ń fọ ibẹ̀. Ìpáàrà ti dí ẹnu 3 kan, ó ti sọ ọ́ di 8. Ó fi ìlà kan ṣoṣo fa èyí tó kọ́kọ́ kọ, ó kọ èyí tó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ àti márùn-ún ìkẹyìn láísẹ́ǹsì alágbẹ̀dẹ sínú kọ̀ǹpútà, kó lè rí i pé òótọ́ ni. Lára páálí, kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ “ìbọn” síbì kankan. Ọgbọ́n sì ni, nítorí àwọn ọlọ́wọ́ gígùn.

Dọ́là 60 ni mo san, owó pósí àti inṣọ́ránsì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni alágbẹ̀dẹ pè mí. Ó ní aró kì í dí ihò. Níbi tí ìpáàrà bá ti gbẹ́ irin, àfi kí òun fá irin náà títí ihò yóò fi tán, ṣùgbọ́n ihò kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ lára ọ̀pá ìbọn, bí òun bá sì fá wọn tán, lẹ́tà náà á pa rẹ́. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ní ti nọ́ńbà ìdí èèkù, kò tilẹ̀ béèrè. Ọwọ́ ló fi nu ibẹ̀, kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kàn án, torí ọ̀ràn ni ìbọn tí wọ́n bá pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo bi í bí aró náà ṣe ń mú irin. Ó ní kì í ṣe ọ̀dà. Kọ́sítíìkì sódà àti irú iyọ̀ kan tí kì í ṣe ti ọbẹ̀ ni wọ́n ń sè pọ̀ nínú agbada títí ooru rẹ̀ á fi tó 140°C, wọ́n á wá ri irin tó ti mọ́ láìsí òróró sínú rẹ̀. Ara òde irin fúnra rẹ̀ ló ń di dúdú. Irú ìpáàrà kan náà ni, àmọ́ èyí kì í jẹ irin. Èmi tí mo dàgbà nítòsí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ìkòkò àwọn aláró ni mo ń rí lójú mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló gbà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ ló dá a padà sí, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù ni mo ti lọ gbà á. Mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti kọ Fọ́ọ̀mù 4473 tí mo kọ lọ́jọ́ tí mo rà á, bàbá ní kò pọn dandan, ìbọn kan náà ló ń padà sọ́wọ́ ẹni kan náà. Ó wo káàdì mi, ó kọ ìlà tó kù sínú ìwé ńlá, ó sì yí ìdí èèkù sí mi kí èmi náà kà á. 3 ni.

Mo gbé e sábẹ́ iná. Dúdú, àmọ́ bí o bá yí i, àwọ̀ ẹ̀lú á yọ. Ihò méjì yẹn wà níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, Ìyá Tóbi gbà á wò, ó ní, “Ó ti kúrò ní ti bàbá yín.” Ó wá béèrè ibi tí mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí. Àpò aṣọ bí ìbọ̀sẹ̀, tí wọ́n fi òróró sílíkóòn pò, ni mo rà fún un. Àpò awọ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, òfìfo.