Àwọn Àṣìṣe Tí A Máa Ń Ṣe Nípa Iṣẹ́ Aṣòfin Alátakò Lórí Ètò Ìlera

Bàbá kan ní ìjọ wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi nígbà kan pé aṣòfin àdúgbò àwọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Lébà (Labour), ẹgbẹ́ òṣèlú aṣòfin náà, kò tíì gba ìjọba nígbà náà. Wọ́n ní, "Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sí nípò. Kí ló lè ṣe ju ariwo lọ?" Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbọ́ nípa òfin tí wọ́n ń pè ní Seni's Law. Wọ́n ní rárá. Bẹ́ẹ̀ Croydon tí wọ́n ń gbé gan-an ni òfin náà ti ṣẹ̀ wá, orúkọ ọmọ tí wọ́n sì fi sọ ọ́ jẹ́ orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè sọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ.

Bàbá yẹn kì í ṣe òpè. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, wọn kì í sì í pa ìdìbò jẹ. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe, èmi náà sì ti jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ má sọ pé alátakò kò lè ṣe òfin

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2010, ọ̀rọ̀ ẹnu Olaseni Lewis, ọmọ ọdún 23, kò dọ́gba mọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ mú un lọ wá ìtọ́jú, ó sì di èrò Bethlem Royal, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ. Kò sí ẹni tó fi ipá mú un wọlé. Nígbà tó fẹ́ jáde ni wọ́n pe ọlọ́pàá sí i. Ọlọ́pàá mọ́kànlá ló rọ́ ọ mọ́lẹ̀ títí tó fi dákú. Kò jí mọ́. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọdún 2017 ni júrì tó gbọ́ ẹjọ́ ikú rẹ̀ tó sọ ọ́ ní gbangba pé ipá tí wọ́n lò ti pọ̀ jù, àti pé ó wà lára ohun tó pa á. Ọdún keje nìyẹn.

Ará ẹkùn ìdìbò Croydon North ni àwọn òbí rẹ̀, Steve Reed ti ẹgbẹ́ Lébà sì ni aṣòfin wọn. Ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù ló ń ṣèjọba. Ṣùgbọ́n nílé aṣòfin Westminster, wọ́n máa ń ṣẹ́ gègé láàárín àwọn aṣòfin tí kì í ṣe mínísítà. Ogún èèyàn ni gègé ń mú, àwọn tí orúkọ wọn bá sì ṣáájú lè gbé àbá òfin tiwọn wá ní àwọn ọjọ́ Ẹtì díẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Gègé mú Reed lọ́dún 2017. Orí ló ṣe é, kì í ṣe agbára ẹgbẹ́. Ohun tó fi oríire náà ṣe ni àbá òfin lórí lílo ipá fún àwọn aláìsàn ọpọlọ, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Seni's Law nítorí Olaseni.

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yan ọ̀gá kan tí ọ̀rọ̀ lílo ipá wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìlànà sílẹ̀, kí wọ́n sọ ẹ̀tọ́ aláìsàn fún un, kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fi ipá mú aláìsàn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: ìdí rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, ẹ̀yà tí ẹni náà jẹ́. Ìjọba gbọ́dọ̀ gbé iye rẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ọlọ́pàá tí wọ́n bá sì pè wá gbọ́dọ̀ tan kámẹ́rà àyà rẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Ẹni tó bá ń ka ìdáhùn àwọn mínísítà sí ìbéèrè aṣòfin á mọ gbólóhùn kan tí wọn kì í fi í ṣeré: pé ìjọba kò ní iye yẹn lọ́wọ́. Ẹ béèrè iye aláìsàn dúdú tí wọ́n rọ́ mọ́lẹ̀, kò sí lọ́wọ́. Ohun tí wọn kò kà, wọn kò lè dáhùn fún un. Òfin yìí sọ kíkà di dandan. Lójú tèmi, ìyẹn ju ìbínú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ló máa ń rìn jìnnà lórí WhatsApp.

Kò rọrùn fún Reed. Jackie Doyle-Price tó jẹ́ mínísítà gbà fún àbá náà, ẹgbẹ́ ìjọba kò sì dojú kọ ọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 2018, Philip Davies, ọmọ ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù, dìde, ó sì sọ̀rọ̀ ju wákàtí méjì lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí aago méjì ààbọ̀ bá ti lù, ó tán. Àbá tí wọn kò bá tíì parí á padà sẹ́yìn. Ọjọ́ 6 oṣù keje ni wọ́n tó rí i yọ, Ọbabìnrin sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ẹni tó bá ka iye ọ̀rọ̀ tí aṣòfin kan sọ láti fi mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, Davies ni yóò fún ní ẹ̀bùn ọjọ́ náà.

Ẹ má rò pé ọjọ́ ìbuwọ́lù ni òfin ń bẹ̀rẹ̀

Tèmi nìyí. Lọ́dún 2019, ọ̀rẹ́ mi kan wá bá mi pé wọ́n ti di àbúrò òun mọ́lẹ̀ ní ilé ìtọ́jú kan, ọwọ́ ọmọ náà sì wú. Mo fi ìgboyà sọ fún un pé kó kọ̀wé, kó tọ́ka sí òfin tuntun. Ó kọ ọ́. Èsì tó gbà kò ju ìlà mẹ́ta lọ: òfin náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojú tì mí. N kò ka abala tó kẹ́yìn, níbi tó ti sọ pé mínísítà ni yóò mú ọjọ́.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2022 ni wọ́n tó mú kí ọ̀pọ̀ abala rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún ni òfin náà fi jókòó lórí pẹpẹ. Irú àkókò yìí ni iṣẹ́ alátakò máa ń dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan lójú wa, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tó yẹ kó máa bi ìjọba: "Ọjọ́ wo?" Kò sí tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Òfin lórí fífi ẹ̀yà ara ta ẹlòmíràn lọ́rẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Geoffrey Robinson, Lébà náà ni, ló gbé e wá. Ọbabìnrin buwọ́ lù ú ní oṣù kẹta 2019. Ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 2020 ló bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, àgbàlagbà tó bá ń gbé England, tí kò bá ti forúkọ sílẹ̀ pé òun kò fẹ́, wọ́n á kà á sí ẹni tó gbà kí wọ́n mú ẹ̀yà ara òun lẹ́yìn ikú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Mélòó nínú wa ló ti bá àwọn ọmọ sọ èyí? Nínú ilé wa, ẹni tó bá dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní kó tu itọ́ dànù.

Ẹ má kọ "ó kùnà" síwájú àbá tí wọ́n fà sẹ́yìn

Carolyn Harris ti Lébà, aṣòfin Swansea East nígbà náà, gbé àbá wá lọ́dún 2021 lórí oògùn HRT fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń parí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá, ó fà á sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wo àkọsílẹ̀ nìkan á sọ pé iṣẹ́ já sí asán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìjọba ti ṣèlérí pé àwọn yóò dín owó oògùn náà kù, ó sì gbà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2023, obìnrin tó bá san owó kan lẹ́ẹ̀kan (£19.30 ni nígbà náà) ti bọ́ lọ́wọ́ owó HRT fún ọdún kan. Ṣáájú ìyẹn, ìgbàkígbà tó bá lọ gba oògùn ló ń sanwó.

Wales sì ni Harris ń ṣojú fún, níbi tí gbogbo oògùn dókítà ti di ọ̀fẹ́ láti 2007! Àwọn obìnrin England ló jà fún. Èyí gbé mi dé àṣìṣe mìíràn: láti bínú sí aṣòfin Westminster nítorí ilé ìwòsàn tó wà ní Glasgow tàbí Cardiff. Edinburgh ni wọ́n ti ń ṣètò ìlera Scotland, Cardiff ni ti Wales, Belfast ni ti Northern Ireland. Ẹni tó bá ń gbé Aberdeen tó kọ̀wé sí Westminster nítorí ọjọ́ tí dókítà dá fún un, ẹnu ọ̀nà onílẹ̀kùn mìíràn ló ń kàn.

Ẹ má fi fídíò ìṣẹ́jú kan dájọ́, ẹ má sì gbé iye kiri láìwo ọdún rẹ̀

Ariwo ọjọ́ Ọjọ́rú, nígbà tí wọ́n ń bi olórí ìjọba ní ìbéèrè, ni gbogbo èèyàn ń rí. Ọ̀rọ̀ tó kan àwọn ìyàwó àti ọmọbìnrin wa jùlọ, ikú obìnrin dúdú nínú oyún àti lẹ́yìn ìbímọ, kò wáyé níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni, 19 oṣù kẹrin 2021, nínú ìjíròrò tí wọ́n ń pè ní Westminster Hall, tí kì í wáyé nínú gbọ̀ngàn tí ariwo ti ń ṣẹlẹ̀. Tinuke Awe àti Clotilde Abe tó dá Five X More sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn aboyún dúdú, ló gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kiri, èèyàn tó lé ní 187,000 sì fọwọ́ sí i. Catherine McKinnell ti Lébà ló ṣí ọ̀rọ̀ náà. Bell Ribeiro-Addy, aṣòfin Lébà mìíràn, náà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ti inú ìròyìn ọdún 2018 ti MBRRACE-UK, àwọn tó ń ṣèwádìí ikú àwọn ìyá àti ọmọ tuntun ní Ìlú Ọba, wá, tó sọ pé ewu kí obìnrin dúdú kú nínú oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ jẹ́ ìlọ́po 5 ti obìnrin funfun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi dé Westminster Hall, ìlọ́po 4 ló kù: obìnrin dúdú 34 ló ń kú nínú 100,000 tó bímọ, funfun sì jẹ́ 8. Ìròyìn tó jáde lọ́dún 2024 ti sún mọ́ 3. Títí di òní ni àwọn èèyàn wa ṣì ń pín "5" kiri bí ẹni pé àná ni wọ́n kà á. Kì í sì í ṣe pé ikú tiwa dín kù nìkan. Ikú àwọn obìnrin funfun náà lọ sókè, ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jó sí.

Aṣòfin alátakò máa ń yan iye tó bá le jù, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mínísítà á yan èyí tó bá rọ̀. Ẹni tó bá ń fi ohùn ránṣẹ́ sí aboyún, ẹ jọ̀wọ́, kó rántí sọ fún un pé 34 nínú 100,000 ni ìròyìn ìgbà náà kà, kó má baà di pé ẹ̀rù ló bí ọmọ náà.

Ẹ má fi ojú Abuja wo aṣòfin Ìlú Ọba

Nílé, a ti mọ àwọn aṣòfin tó ń gbẹ́ kànga, tó ń kọ́ ilé ìwòsàn kékeré, tó sì ń lẹ àwòrán ara wọn mọ́ ọn, nítorí owó iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn wà nínú ìsúná. Aṣòfin Westminster kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ má retí ẹ̀rọ ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ní ni lẹ́tà tí iléeṣẹ́ ìjọba kò lè jù sí ààtàn, àti ẹnu láti bi mínísítà. Ìyá kan tilẹ̀ bi mí ṣé dókítà ni aṣòfin náà, nítorí wọ́n kọ "surgery" sára ìwé ìkéde ìpàdé tó ń ṣe pẹ̀lú ará ẹkùn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀bi Ìyá kọ́.

Early day motion, ìyẹn ìwé tí àwọn aṣòfin ń fọwọ́ sí láti fi èrò wọn hàn, kì í ṣe òfin. Mo rí i tí wọ́n ń fi dúpẹ́ níjọ.

Ẹ má gbàgbé ohun tí aṣòfin béèrè nígbà tí kò sí nípò

Ní oṣù kọkànlá 2021, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin lórí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí Pat McFadden ti Lébà jẹ́ alága rẹ̀, gbé ìròyìn "No One's Listening" jáde. Ó tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwọn aláìsàn yìí, àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó wà níbẹ̀. Láti oṣù keje 2024, McFadden ti di mínísítà. Àìsàn náà kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ ọdún 1968 tó ń sọ irú aláìsàn tí kò gbọ́dọ̀ sanwó oògùn ní England. Jẹjẹrẹ ni wọ́n fi kún un ní 2009. £9.90 ni wọ́n ń gbà lórí oògùn kọ̀ọ̀kan láti oṣù karùn-ún 2024.

Bàbá tí mo sọ lókè ní ọmọ-ọmọ kan tó ní àìsàn náà, ọmọ ọdún méjìlélógún. A jọ kọ lẹ́tà kan sí aṣòfin wọn. Ojú ìwé kan ni. A kọ àdírẹ́sì àti postcode sókè, kí wọ́n lè mọ̀ pé ará ẹkùn ni. A kò bú ẹnikẹ́ni. A tọ́ka sí ìròyìn 2021, a sì ní kó bá wa bi mínísítà ní ìbéèrè kan péré: ọjọ́ wo ni wọn yóò tún àkọsílẹ̀ 1968 wò? Bàbá ní kí n fi ìlà sábẹ́ "ọjọ́ wo". Mo fi í. Wọ́n tún gba bíírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fa ìlà kejì.