Ìrírí mi: bí mo ṣe wọ single leg X, tí mo sì fi gbé ẹni tó dúró lulẹ̀

Nínú gídígbò tí a mọ̀ ní Èkìtì, bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, ó ti ṣubú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wá kọ́ jiu-jitsu, ìjàkadì ti Bràsíìlì tí a máa ń jà nílẹ̀, ní Adó ló ń gbé èrò yìí wọlé. Bí wọ́n bá ti bá ara wọn nílẹ̀, wọ́n á sáré fẹ́ dìde, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ tí wọn ì bá mú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú jiu-jitsu, ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà láàárín òun àti ẹnìkejì, kò tíì ṣubú. Ipò yẹn là ń pè ní gáàdì, ó sì lè ti ibẹ̀ gbé ẹni tó dúró lulẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni single leg X, gáàdì tí a fi ẹsẹ̀ wa méjèèjì há ẹsẹ̀ kan ṣoṣo mọ́. Inú ìdílé ashi garami (fífi ẹsẹ̀ há ẹsẹ̀) àwọn ará Japan ló wà, ó sì bá X-guard tan, gáàdì mìíràn tí Marcelo Garcia, ọmọ Bràsíìlì tó borí nínú ADCC, ìdíje ìjàkadì àgbáyé, ọdún 2003, sọ di ìlúmọ̀ọ́ká.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ṣáájú. Ẹ má ṣe é lórí fóòmù ibùsùn. Ó rọ̀ jù: ẹsẹ̀ ẹni tó dúró á rì sínú rẹ̀, ara rẹ̀ á yí, orúnkún ni yóò sì jìyà rẹ̀. Rọ́bà líle tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4, tí a tò sórí sìmẹ́ńtì, tí a sì fa tapólì bò gírígírí, ti tó. Lásìkò ọyẹ́, eruku tó bá bà lé tapólì máa ń mú kí ẹsẹ̀ yọ̀, nítorí náà mo máa ń fi àkísà tútù nù ún kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe wọlé nìyí. Ẹnìkejì mi dúró, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló wà níwájú, apá ọ̀tún mi nìyẹn bọ́ sí. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo gbé orí àti èjìká kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì di etí apá aṣọ rẹ̀ ti òsì mú. Ọwọ́ náà ni yóò fẹ́ fi ti orúnkún mi, òun náà ni yóò sì fẹ́ fi gbé ara rẹ̀ ró tó bá ń ṣubú. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbá gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ mú láti ìta. Mo wá gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún mi lé ìbàdí òsì rẹ̀, níbi tí itan ti pàdé ikùn gan-an. Ẹsẹ̀ òsì mi gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjá, mo sì fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà kọ́ ẹ̀yìn itan rẹ̀ òsì. Lẹ́yìn itan ni o, kì í ṣe lẹ́yìn ojúgun. Tó bá jẹ́ ojúgun lo kọ́, ìgbésẹ̀ kan péré ló máa gbé tí yóò fi jáde.

Lẹ́yìn èyí ni mo fi gìgísẹ̀ tí mo dì mú fa ara mi wọ abẹ́ rẹ̀. Ìdí mi gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gìgísẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: ẹsẹ̀ wọn ti bọ́ sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbàdí wọn jìnnà, wọ́n wá ń fi agbára itan nìkan jà. Nígbà tí mo ti wà lábẹ́ rẹ̀, mo yí ọwọ́ ọ̀tún ká ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo há a mọ́ abíyá bí ìyá olọ́jà ṣe ń há pọ́ọ̀sì owó mọ́ abíyá, mo sì di kọ́là aṣọ ara mi mú kí ọwọ́ náà má baà tú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni orúnkún rẹ̀. Orúnkún ni à ń mú nínú gáàdì yìí, kì í ṣe ọrùn ẹsẹ̀. Tí orúnkún rẹ̀ bá wà láàárín itan mi, tí mo sì fún orúnkún mi méjèèjì pọ̀, ó ṣòro kó tó fa ẹsẹ̀ yọ. Tí orúnkún rẹ̀ bá ti kọjá orúnkún mi bọ́ síta, ojúgun ló kù lọ́wọ́ mi, ojúgun kì í sì í dá ènìyàn dúró. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo ní kí ẹnìkejì mi fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn tagbáratagbára. Tí ìbàdí mi bá wọ́ tẹ̀ lé e, ó dára. Tí ẹsẹ̀ bá lọ tí èmi ṣì wà níbi tí mo wà, àlàfo wà láàárín orúnkún mi nìyẹn.

Ìka ẹsẹ̀ mi tó wà ní ìbàdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síta. Tí ẹsẹ̀ náà bá yọ̀ kọjá sí àárín ikùn rẹ̀, itan mi á máa ti orúnkún rẹ̀ wọnú nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. A ń ká orúnkún, a ń nà án, a kì í lọ́ ọ. Iṣan inú rẹ̀ lè já. Ìdí nìyẹn tí òfin IBJJF, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu, fi ka èyí léèwọ̀ nínú ìjà tí a ti ń wọ gi (aṣọ ìjàkadì) fún gbogbo bẹ́líìtì, ìyẹn ipò oníjàkadì, wọ́n sì lè lé ẹni tó bá ṣe é jáde kúrò nínú ìdíje.

Gbígbé e lulẹ̀ kò gùn. Ènìyàn tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì kò ní ẹsẹ̀ kẹta lẹ́yìn, ẹ̀yìn náà ni mo ń rán an lọ. Mo gbé ìbàdí sókè, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ti ìbàdí rẹ̀, mo sì yí orúnkún mi méjèèjì sí ọ̀tún kí orúnkún tirẹ̀ lè kọjú síta. Gìgísẹ̀ rẹ̀ wà lábíyá mi, kò lè sún un sẹ́yìn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kò lè fi gbé ara ró. Yóò jókòó. Kí ìdí rẹ̀ tó balẹ̀ tán, mo ti gbé ọwọ́ òsì lélẹ̀ lẹ́yìn mi, mo yọ ẹsẹ̀ òsì, mo sì ń dìde láìfi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tó ń yọ̀ pé òun ti gbé e ṣubú yóò rí i tí ẹnìkejì tún dìde padà. Nínú ìdíje, máàkì 2 ni, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí mo bá dúró lókè fún ìṣẹ́jú àáyá 3.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í dúró ṣánṣán. Tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó gbé gbogbo ìwọ̀n ara lé mi, mi ò ní gbé e sókè. Mo máa fa apá aṣọ rẹ̀ sí ìhà orí mi bí ẹni tó fẹ́ kó dojú bolẹ̀. Nígbà tó bá fà sẹ́yìn láti gba ara rẹ̀, mo bá a lọ sẹ́yìn náà. Tó bá yí padà tó fẹ́ sá, tó kọ ẹ̀yìn sí mi, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, mo di ìgbànú rẹ̀ mú, mo sì gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì tí a kọ́ sí itan rẹ̀, máàkì 4 nìyẹn, ó sàn ju 2 lọ.

Inú single leg X náà la ti ń ṣe straight ankle lock, ìdè tí a fi ń na ọrùn ẹsẹ̀, èyí tí àgbà tó ní bẹ́líìtì funfun lè lò. Heel hook, ìdè tí a fi ń lọ́ gìgísẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀: láti ọdún 2021, àgbà tó ní bẹ́líìtì búráùn tàbí dúdú nìkan ni IBJJF gbà láyè láti ṣe é, nínú no-gi (ìjà tí a kì í wọ gi) nìkan. Ẹ má fi kọ́ ọmọdé.

Nígbà ìdánrawò, ìṣẹ́jú 5 fún ọ̀tún, 5 fún òsì. Ẹni tó dúró kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà kó máa fa ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kó máa ti orúnkún. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá há tí ara rẹ̀ sì ń yí, kó má dúró de ìrora, kó lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti fi sọ pé kí a tú òun sílẹ̀. Èmi tí mo wà nísàlẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ ṣí orúnkún mi.