Ìwé àṣẹ fún yàrá abẹ́ páànù tí a ti kọ́ tán l'Ábújá

Yàrá tí a ti kọ́ sínú òrùlé ṣì lè gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ l'Ábújá, ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ dúró ná. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri, ẹ má pa á rẹ́.

Ìwé ilẹ̀ ló ṣáájú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀sítéètì, orúkọ ilé iṣẹ́ tó kọ́ ilé ló ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó náwó sórí àwòrán. Kí ayàwòrán ilé tó ní èdìdì ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wá wọn ilé náà bó ṣe wà lónìí. Àwòrán àtijọ́ kò tó, torí òṣìṣẹ́ tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò lè fa téèpù.

Agbára ilé ló le jù. Igi 2x3 tí wọ́n kan sílíìnì mọ́ kò ṣeé fi ṣe ilẹ̀ yàrá. Èyí tó burú jù ni pé káfíńtà a máa gé igi ìdábùú òrùlé kí àyè lè gbà wọ́n. Òrùlé á wá máa ti ògiri síta, ògiri á sì sán lókè fèrèsé. Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni kó ṣírò irin tàbí igi tuntun tí yóò gbé ẹrù lọ sórí bíìmù àti òpó. Ẹ tún un ṣe, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó bò ó, kí ẹnjiníà sì fi sínú ìjábọ̀ rẹ̀.

Àtẹ̀gùn gidi, kì í ṣe àkàbà. Fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, nítorí ooru oṣù kẹta.

Owó ìtanràn wà fún kíkọ́ tí a kọ́ ọ láìkọ́kọ́ gba àṣẹ. Ẹ gba rìsíìtì rẹ̀.