Tẹ́ ẹ bá kó lọ sí ìgbèríko Victoria, ẹ tètè mọ káńsù yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀pọ̀ nínú wa, pàápàá àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn tó ń tọ́jú arúgbó, físà 491, ìyẹn físà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ gbé nígbèríko, ló gbé wa dé Ọsirélíà, físà yẹn ò sì gbà kéèyàn fi Melbourne ṣe ibùgbé, ìgbèríko ni tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bára yín ní Nhill tàbí Dimboola, níbi tóko wíìtì ti lọ rẹrẹ, ẹ má ro káńsù ibẹ̀ mọ́ tilé wa o, téèyàn kì í dé àfi tó bá fẹ́ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ọmọ ibo ni yín, ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé ni wọ́n máa wò.

Hindmarsh Shire ni mò ń sọ gan-an, káńsù tó ń bójú tó Nhill àti Dimboola; shire lorúkọ tí wọ́n ń pe káńsù ìgbèríko. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló bí irú káńsù yìí, torí láti 1853 lòfin ti wà ní Victoria pé káwọn ará àdúgbò yan ìgbìmọ̀ táá máa la ọ̀nà, kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ onílẹ̀ fi ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ yẹn ló wá di shire. Dimboola dá dúró, Lowan náà dá dúró, ó pẹ́ kí ìjọba Jeff Kennett, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria nígbà yẹn, tó dé láàárín 1990 sí 2000, tó kó káńsù 210 pọ̀ tó sọ wọ́n di 78, tó fi kọmíṣánnà rọ́pò àwọn kánsẹ́lọ̀ táráàlú dìbò yàn. 1995 ni Dimboola àti Lowan di Hindmarsh, Nhill sì di olú ìlú ẹ̀. Ó dun àwọn ará ibẹ̀ gan-an, ó sì yẹ kó dùn wọ́n, tí àgbàlagbà kan bá ń ròyìn shire àtijọ́ fún yín ẹ jókòó gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì káńsù ṣì wà ní Dimboola, Jeparit àti Rainbow, ẹ ò ní láti wakọ̀ dé Nhill torí owó tẹ́ ẹ fẹ́ san.

Èèyàn inú shire náà ò tó 6,000, ọ̀nà wọn sì gùn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni ò ní ọ̀dà, torí náà ẹ ní sùúrù tí katakata ò bá tètè dé ọ̀nà yín. Láti 2016 ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń sọ iye tí káńsù lè fi kún owó ilé lọ́dọọdún (ìyẹn rates, owó tí onílé ń san fún káńsù, kì í ṣe rẹ́ǹtì), owó ìrànwọ́ látọ̀dọ̀ ìjọba ni káńsù fi ń gbé iṣẹ́ ẹ̀ ró.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ká mi lára jù. Tẹ́ ẹ bá bímọ ní Victoria, ilé ìwòsàn á fi tó káńsù létí, nọ́ọ̀sì káńsù á pè yín, á wá sílé, lẹ́yìn ìyẹn ẹ óò máa gbé ọmọ lọ bá a: ọ̀sẹ̀ 2, 4, 8, oṣù 4, 8, 12, 18, ọdún 2, ọdún 3 àtààbọ̀. Ìgbà 10 ni lápapọ̀, kọ́bọ̀ ẹ ò ní san. Á wọn ọmọ, á kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ ewé tí wọ́n fún yín, á wá yíjú sí ìyá: ṣé o ń sùn? Ṣé o máa ń sunkún ṣáá? Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé a dúpẹ́. Kò sí ìyá ọkọ, kò sí màámi nítòsí tó máa bá yín wẹ ọmọ, ẹ sọ bó ṣe rí, ìrànlọ́wọ́ wà.

Tẹ́ ẹ bá ń rẹ́ǹtì, lánlọ́ọ̀dù ló ń san owó ilé fún káńsù. Tẹ́ ẹ bá ti ra tiyín, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ lè pín in san: 30 September, 30 November, 28 February, 31 May, tówó ò bá sí, ẹ tètè kàn sí wọn kọ́jọ́ tó pé, wọ́n máa ń pín in wẹ́wẹ́ féèyàn. Ajá tàbí ológbò tó bá ti pé oṣù 3, ẹ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa tún ìforúkọsílẹ̀ náà ṣe kó tó di 10 April lọ́dọọdún.

Iléèwé ìjọba, ọlọ́pàá, ìwé ìbí ọmọ, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. Físà àti Medicare, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, ìjọba àpapọ̀. Kódà kòtò tó bá wà lórí Western Highway, títì ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá, ẹ má bá káńsù jà sí i, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀.

Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dìbò yan kánsẹ́lọ̀. Ẹni tó bá ti ń san owó ilé lè kọ̀wé pé òun fẹ́ dìbò bí ò tiẹ̀ tíì di ọmọ onílùú, kì í ṣe ohun tí wọ́n máa ń kéde fún wa, ẹ lọ béèrè fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ wọn.