Irin méjì tí kò mọ ara wọn: bí mo ṣe gba switch mi lọ́wọ́ àrá

Switch mẹ́ta, ìyẹn àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún kọ̀ǹpútà, ni àrá ti bà jẹ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàgámù. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń pa wọ́n. Àrá á sán lọ́ọ̀ọ́kán, kò ní kan ilé wa rárá, àmọ́ tí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ojú ihò switch tí wáyà láti orí òpó íńtánẹ́ẹ̀tì wa wọ̀ á ti kú. Mo ra surge protector, ohun tó ń dínà iná àpọ̀jù, sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, switch mìíràn tún jó. Iná ò gba ibẹ̀ wọlé ni.

Oníṣẹ́ iná tí mo pè ò tilẹ̀ wo switch. Ó yí ilé po, ó ní, "Àǹtí, òpó yín ní earth tiẹ̀, ilé ní tiẹ̀, wọn ò mọ ara wọn." Earth ni irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí iná tó ṣìnà lè gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ. Òótọ́ ló sọ. Àwọn tó gbé òpó ró ri irin tiwọn síbẹ̀; ti ilé wà nídìí mítà. Tí àrá bá sán nítòsí, agbára iná inú ilẹ̀ níbi irin kan á ju ti èkejì lọ, á sì wá ọ̀nà kọjá. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi, tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́ wé nínú, ni ọ̀nà tó rí.

A pa iná ìta, jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Ó gbẹ́lẹ̀, ó fi wáyà bàbà 16mm² so irin méjèèjì pọ̀. Torí ilẹ̀ tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í gba iná dáadáa, ó tún ri irin kẹta, ó sì so ó mọ́ méjèèjì; ó jìnnà sí ti ilé ju gígùn irin náà lọ. Aládùúgbò kan ní ká da iyọ̀ sí i. Mi ò gbà: òjò á ṣàn án lọ, iyọ̀ á sì jẹ irin náà.

Níbi tí wáyà ti wọlé, a fi protector ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì síbẹ̀, pẹ̀lú wáyà earth kúkúrú tó lọ tààrà. Ẹ má ká a jọ o. Iná àrá kì í fẹ́ gba inú wáyà tó ká. A tún ya wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò lára ti jẹnẹrétọ̀ ní nǹkan bí 30cm.

Òjò ńlá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, switch ṣì wà. Síbẹ̀, tí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ ni mò ń yọ wáyà òpó, torí earth nìkan ò lè fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé switch á yè tí àrá bá bọ́ sórí òpó gan-an.