Ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ò gbọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí asẹlirétọ̀ àti throttle oníná

Nínú ọkọ̀ àtijọ́, okùn onírin ló so asẹlirétọ̀ mọ́ throttle, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹńjìnnì. Ẹsẹ̀ tẹ̀, okùn fà, ilẹ̀kùn ṣí. Okùn yẹn ò sí mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Asẹlirétọ̀ kàn ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ dé fún kọ̀ǹpútà ni, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ilẹ̀kùn náà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà lójú títì nígbà tí iná ẹńjìnnì ṣàdédé tàn lórí dáṣìbọ́ọ̀dù. Mo tẹ asẹlirétọ̀ kanlẹ̀, ọkọ̀ kàn ń wọ́ bí ìgbín. Mo paná, mo tún un tan, ara rẹ̀ yá. Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe é. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Kọ̀ǹpútà ló dá ọkọ̀ yín lọ́wọ́ kọ́, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Sẹ́ńsọ̀ méjì, ìyẹn ohun kékeré tó ń wọn ibi tí nǹkan dé, ló wà nínú asẹlirétọ̀ (àwọn ọkọ̀ kan ní mẹ́ta), méjì mìíràn tún wà lára throttle. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí kò bá ti dọ́gba, kọ̀ǹpútà kò ní í dúró wádìí ẹni tó ń parọ́, agbára ẹńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ dín kù. Bó bá jẹ́ ti throttle ni kò gbà gbọ́ mọ́, yóò gé iná ẹ̀rọ tó ń yí ilẹ̀kùn, síprìǹgì yóò sì mú ilẹ̀kùn náà dúró níbi tó ṣí díẹ̀, kí ẹ ṣáà lè rọra kúrò lójú ọ̀nà.

Àmì gidi ni pé ó ń dáa lẹ́yìn tí ẹ bá paná. Ohun tó kú pátápátá kì í jí nítorí pé a yí kọ́kọ́rọ́. Èyí tó bá ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, wáyà, píìnnì inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí ojú kan tó ti jẹ nínú sẹ́ńsọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ máa kíyè sí ìgbà tó ń ṣe é: ṣé bí ọkọ̀ bá gbóná ni, bó bá já sí kòtò ni, àbí lẹ́yìn òjò?

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, wò ó, P2138 ló gbé jáde. Ó ní kí n lọ ra asẹlirétọ̀ tuntun. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ ṣe sùúrù ná. P2138 kò sọ pé asẹlirétọ̀ bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé fólítì sẹ́ńsọ̀ asẹlirétọ̀ méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní D àti E, kò bára mu. Sẹ́ńsọ̀ tó jẹ lè fà á. Wáyà tó fẹ́ já lè fà á. Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, tí kò mọ́ náà lè fà á, àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí kò sì béèrè pé kí ẹ ra ohunkóhun.

P2122 ní fólítì D lọ sílẹ̀ jù, P2123 ní ó ga jù. P2127 àti P2128 ń sọ ohun kan náà nípa E. Fólítì tó lọ sílẹ̀ jù sábà máa ń jẹ́ pé wáyà já, pé ó fara kan irin ọkọ̀, tàbí pé fólítì 5 tí kọ̀ǹpútà ń fi bọ́ sẹ́ńsọ̀ kò dé ibẹ̀. Bó bá ga jù, ẹ wo ẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ náà dáadáa: bó bá já, fólítì tí kò rí ọ̀nà padà yóò gòkè lọ bá 5. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka P2135 sí P2138 fún yín. A àti B ni P2135 ń sọ, ti throttle ló sì sábà máa ń jẹ́. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ asẹlirétọ̀ nítorí P2135, kò sí nǹkan tó yí padà ju àpò rẹ̀ lọ.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Bí nọ́ńbà D àti E bá jáde pa pọ̀ mọ́ ti sẹ́ńsọ̀ mìíràn, tí P0641 tàbí P0651, tí wọ́n ń sọ nípa fólítì 5 náà, sì wà láàárín wọn, ẹ gbàgbé asẹlirétọ̀ fúngbà díẹ̀. Fólítì 5 yẹn ni ẹ̀sùn kàn. Sẹ́ńsọ̀ púpọ̀ ló ń mu nínú rẹ̀, bí wáyà inú ọ̀kan bá ti jó mọ́ra wọn, bóyá èyí tó ń wọn agbára gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù, ó lè fa ti gbogbo wọn wálẹ̀. Ẹ fi mítà tó ń wọn fólítì sí ojú fólítì náà, kí ẹ máa yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ yọ tí fólítì 5 fi padà wá, òun ni olè.

Ìbéèrè: Mo ní mítà nílé, mo sì ní skánà kékeré. Báwo ni mo ṣe lè yẹ asẹlirétọ̀ wò fúnra mi?

Ìdáhùn: Skánà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bó bá ń fi fólítì hàn bó ṣe ń lọ. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹńjìnnì. Ẹ rọra tẹ asẹlirétọ̀, ìyẹn kí ó pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó kanlẹ̀, kí ẹ tún rọra gbé ẹsẹ̀ padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sẹ́ńsọ̀ kìíní máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ fólítì 1, á gòkè tó bíi 4, èkejì á máa tẹ̀ lé e ní ìdajì: bí ọ̀kan bá jẹ́ 0.8, èkejì á jẹ́ 0.4, bí ó bá di 3.0, èkejì á di 1.5. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Nínú àwọn kan, bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe èmi. Ohun tí ẹ ń wá ni ibi tí fólítì ti fò tàbí tó ti já lójijì.

Bó bá lọ geere, ẹ tún un ṣe nígbà tí ẹnìkejì bá ń mi wáyà, láti ìdí asẹlirétọ̀ títí dé ìdí kọ̀ǹpútà, pàápàá níbi tó ti gba inú irin kọjá àti níbi tó ti fara kan ohun gbígbóná.

Ó kan mítà. Asẹlirétọ̀ oní-sẹ́ńsọ̀ méjì sábà máa ń ní wáyà mẹ́fà: fólítì 5 méjì, ẹ́ẹ̀tì méjì, àti wáyà ọ̀rọ̀ méjì, ìyẹn èyí tó ń gbé ìròyìn lọ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti wọn ẹ́ẹ̀tì, láì yọ ọ́, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní títàn: ẹ fi ẹnu mítà kan síbẹ̀, ìkejì sí orí òdì bátìrì. Kò yẹ kí ó ju fólítì 0.1 lọ. Bó bá jẹ́ 0.4, gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ ti yẹ̀ kúrò lórí òótọ́, bí asẹlirétọ̀ tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ má fi ohm, ìyẹn ojú mítà tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná, wọn sẹ́ńsọ̀ náà láì mọ irú èyí tó jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ báyìí, ohm kò sì lè sọ nǹkan tó nítumọ̀ fún yín nípa wọn.

Ìbéèrè: Tèmi, P2101 àti P2119 ló ń gbé. Wọ́n ní throttle ti dọ̀tí.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Àwọn nọ́ńbà yẹn ń sọ pé kọ̀ǹpútà pàṣẹ, ilẹ̀kùn kò sì ṣe bó ṣe wí. Ẹ wo àṣẹ àti èsì lórí skánà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ilẹ̀kùn bá ń lọ́ra láti tẹ̀ lé àṣẹ, ìdọ̀tí dúdú tó gan mọ́ etí rẹ̀ lè dí i lọ́wọ́. Bí kò bá mira rárá, ẹ yẹ fíúùsì, rìléè àti wáyà méjì tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ rẹ̀ wò kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀, kí oògùn wà lára aṣọ tí ẹ fi ń nù ún. Ẹ má tú u sínú ẹ̀rọ náà. Ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní títàn: ẹ̀rọ yẹn lágbára, kò sì mọ̀ pé ìka ni. Bí sílò ẹńjìnnì, ìyẹn bó ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí asẹlirétọ̀, bá ga lẹ́yìn ìfọ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ìdọ̀tí ti mọ́ kọ̀ǹpútà lára tẹ́lẹ̀, ẹ sì níláti jẹ́ kí ó kọ́ ibi tí ilẹ̀kùn ń dúró sí lákọ̀tun, bí ìwé ọkọ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Bí sílò bá kọ̀ tí kò wálẹ̀, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé lẹ́yìn throttle.

Ìbéèrè: Mo ti pààrọ̀ asẹlirétọ̀ àti throttle, ọkọ̀ ò lágbára síbẹ̀. Kò sì gbé nọ́ńbà kankan jáde mọ́.

Ìdáhùn: Àṣẹ àti èsì náà ni kí ẹ tún wò, lórí ìrìn. Bí ẹsẹ̀ yín bá kanlẹ̀ tí ilẹ̀kùn sì ṣí tó 80% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹjọ́ ọ̀hún ti kúrò lọ́wọ́ throttle. Epo tí kò dé dáadáa tàbí ẹ̀gúsọ́ọ̀sì tó ti dí ni kí ẹ máa wá. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí tó, kọ̀ǹpútà ló ń dá a dúró, àbí asẹlirétọ̀ ni kò kanlẹ̀ dáadáa, ẹ béèrè ìdí: suwíìṣì iná bíréèkì tó ń sọ pé ẹ ń tẹ bíréèkì nígbà tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, bátìrì tó rẹ̀, tàbí rọ́gì ilẹ̀ ọkọ̀ tó ká sábẹ́ asẹlirétọ̀. Ẹ má fi ti rọ́gì rẹ́rìn-ín o.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè máa wà á báyìí ná?

Ìdáhùn: Bó bá kàn ń wọ́, ẹ rọra wà á dé ibi tí wọ́n máa tún un ṣe, kí ẹ yẹra fún ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń sáré. Bó bá ń sáré fúnra rẹ̀, ẹ má wà á rárá. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sókè, torí ìrànlọ́wọ́ tí bíréèkì ń rí gbà yóò tán. Ẹ fi jíà sí N, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ wá paná.

Ìbéèrè: Mo rí asẹlirétọ̀ tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn, ó jọ tèmi gẹ́lẹ́.

Ìdáhùn: Jíjọ kò tó. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ fi wé ti yín, títí dé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lè wọra wọn wẹ́kú kí fólítì wọn sì yàtọ̀, P2138 á sì tún jáde lọ́jọ́ tí ẹ dè é mọ́lẹ̀.