Ọjọ́ Mẹ́fà Lẹ́bàá Adágún Orí Òkè: Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìsinmi Ẹbí Wa

Ìyá mi ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ìrìn àjò yìí lélẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ kó gbogbo ilé lọ sinmi nígbà ooru, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti gba ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé, "Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ó máa sáré kiri láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ máa lọ ní tiyín, èmi á bá yín ṣọ́ ilé." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kó wọn rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ rí, tí ó jẹ́ pé ìgbà tí a padà délé tán ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sinmi. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu pé ibì kan ṣoṣo ni a ó lọ lọ́tẹ̀ yìí, ilé ìsinmi kan lẹ́bàá adágún omi láàárín àwọn òkè, pé ọjọ́ mẹ́fà ni a ó lò níbẹ̀, àti pé ohun kan péré ni a ó máa dáwọ́ lé lójúmọ́. Mo ń kọ bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀, àti ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe, fún ẹni tí ó bá ní àgbà àti ọmọdé láti kó lọ pọ̀.

Oṣù márùn-ún ṣáájú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé, nítorí ìgbà ooru kì í pẹ́ lórí òkè, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kan náà sì ni gbogbo ẹni tí ó fẹ́ sinmi ń dù. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò kì í ṣe bí ilé ṣe lẹ́wà tó nínú àwòrán, bí kò ṣe bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i, tí èémí kan kì í sì í gbé ọ́síjìn wọlé tó bí ó ṣe ń gbé e nísàlẹ̀. Láti nǹkan bíi 2,500 mítà sókè ni àìsàn òkè gíga sábà máa ń mú ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì mọ́ ibẹ̀: orí fífọ́, èébì, àìróorunsùn. Adágún Titicaca, tí ó wà láàárín Peru àti Bolivia, ga tó 3,812 mítà, mi ò sì jẹ́ gbé ìyá ẹni ọdún 71 àti ọmọ ọdún mẹ́fà lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀ lójijì. Èyí tí mo mú wà ní nǹkan bíi 1,900 mítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá adágún Tahoe ti Amẹ́ríkà dọ́gba ní gíga. Síbẹ̀, mo mú ìyá mi lọ rí dókítà wọn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà náà sì yẹ oògùn wọn wò kí ó tó ní kí a máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe olùtọ́jú ilé náà lórí fóònù, tí mo bi í ní àwọn ìbéèrè tí àwòrán kò lè dáhùn. Ǹjẹ́ yàrá kan wà nísàlẹ̀, kí ìyá mi má baà máa gun àtẹ̀gùn? Báwo ni etí omi ṣe rí, ṣé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jìn, àbí ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni ènìyàn yóò gbé tí ilẹ̀ yóò fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Mo tẹnu mọ́ ìbéèrè kejì yìí, nítorí ọ̀pọ̀ adágún orí òkè ni yìnyín ńlá fi ìwọ́rìn gbẹ́ láyé àtijọ́, tí ẹ̀gbẹ́ wọn sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Omi mímọ́ tún máa ń tan ojú jẹ: ohun tí ó bá jìn ní mítà mẹ́rin, bí mẹ́ta ni yóò rí lójú ẹni tí ó dúró lókè tí ó ń wò ó. Olùtọ́jú náà ní apá òsì èbúté kékeré tí wọ́n fi pákó kàn wọ inú omi rọrùn fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ìdí èbúté náà gan-an jìn. Ó ní ọkọ̀ alájẹ̀ kan wà fún àlejò, ẹ̀wù ìléfòó sì wà, ti àgbàlagbà nìkan ni. Mo béèrè bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà tó, mo sì béèrè bóyá ẹ̀rọ tí ń ké bí èéfín olóró bá kún inú ilé wà ní yàrá tí wọ́n ti ń dáná igi. Èéfín tí mo ń wí yìí kò ní òórùn, kò sì ṣeé fojú rí. Ẹni tí ó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí mọ́.

Ẹrù dídì kò gba àsìkò púpọ̀. Bí ènìyàn bá ti gun òkè tó 1,000 mítà, òtútù a máa fi nǹkan bíi ìwọ̀n 6.5°C lé sí i, nítorí náà a kó ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ọ̀sán àti ẹ̀wù òtútù fún alẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà ooru ni. A kó fìlà, a kó ìpara tí ń dáàbò bo awọ, nítorí oòrùn orí òkè ń jó ni ju ti ìsàlẹ̀ lọ, àní nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù kò bá jẹ́ kí ènìyàn fura. Ẹ̀wù ìléfòó àwọn ọmọ ni mo fara balẹ̀ rà. Mo wọ̀ ọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú ilé ìtajà, mo di gbogbo okùn rẹ̀, mo wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé èjìká ẹ̀wù náà sókè. Ti àbíkẹ́yìn gòkè dé etí rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́rùn rẹ̀. A dá a padà, a mú èyí tí ó kéré sí i, tí okùn kan gba abẹ́ ìtan rẹ̀ kọjá. Ẹ̀wù tí ó bá lè bọ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò lè dúró sára nínú omi.

Ọjọ́ tí a dé, mo fẹ́ kí a ṣe ohun púpọ̀, àṣìṣe mi àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Ọ̀nà náà lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, etí gbogbo wa dí, àbíkẹ́yìn bì lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ kété tí a já ẹrù tán ni mo ní kí a rìn yí apá kan adágún náà ká kí ilẹ̀ tó ṣú. A kò tíì rìn jìnnà tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìyàwó mi, tí ìyá mi sì jókòó sórí òkúta kan tí wọ́n ń mí kanlẹ̀. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn wò mí ni, mo sì rántí ohun tí wọ́n ti sọ nílé. A padà, gbogbo wa mu omi dáadáa, a sì lọ sùn. Kódà oúnjẹ alẹ́ yẹn kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́: ẹ̀wà tí mo gbé kaná kọ̀ láti rọ̀, nítorí ní gíga bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 94°C ni omi ti ń hó, kì í tó 100°C, bó sì ti wù kí a koná mọ́ ọn tó nínú ìkòkò tí a kò dé pinpin, kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú.

Àṣìṣe kejì ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti ọwọ́ bọ omi létí èbúté, ó tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé fara dà. Ọmọ mi ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀wẹ̀ dáadáa, ó wọ ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀, ó bi mí bóyá òun lè bẹ́, mo sì ní kí ó bẹ́. Nígbà tí ó yọrí, kò lè sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbá omi láìní ètò. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí pákó, mo na àjẹ̀ sí i, mo sì ń pè é pé, "Fi ẹ̀yìn lé omi, má jà, rọra máa mí!" Ẹ̀wù náà gbé e dúró, èémí rẹ̀ balẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú kan, ó di àjẹ̀ mú, mo sì fà á wọlé. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ojú omi nìkan ni oòrùn ń yá. Omi máa ń wúwo jù lọ ní ìwọ̀n 4°C, ìdí nìyí tí èyí tí ó tutù fi ń fìdí kalẹ̀ nísàlẹ̀, tí èyí tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ sì ń léfòó lé e lórí ní ìpele tí kò nípọn. Ẹni tí ó bá bẹ́ a gba inú ìpele náà kọjá bọ́ sínú òtútù. Bí omi bá ti rẹlẹ̀ sí 15°C, ó lè gba èémí mọ́ ẹni tí ó bá já sí i lójijì lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ òmùwẹ̀ tí kò lẹ́gbẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó tún bẹ́. Apá òsì ni a ń gbà wọlé, kókósẹ̀, orúnkún, ìbàdí, a ó sì bu omi sí ojú àti àyà kí a tó jẹ́ kí èjìká rì.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni ìyàwó mi dá ètò fìlà pupa sílẹ̀, mo sì kà á sí ohun tí ó dára jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ṣe níbẹ̀. Ẹni tí fìlà pupa bá wà lórí rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ àwọn ọmọ. Kò gbọdọ̀ mú fóònù tàbí ìwé lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ lọ bomi mu láìjẹ́ pé ó dé fìlà náà lé ẹlòmíràn lórí. Ẹni tí omi bá ń gbé lọ kì í sábà lè kígbe. Ẹnu rẹ̀ ń rì, ó ń yọ, kò sì ráyè mí débi tí yóò pe ènìyàn. Bí àgbàlagbà mẹ́ta bá jókòó sétí omi, tí kálukú wọn sì gbà pé àwọn yòókù ń wò, kò sí ẹni tí ń wò. Bí a bá ti ń pààrọ̀ fìlà ní ìṣẹ́jú ogún-ogún, ọkàn àwọn méjì tó kù a balẹ̀ pátá, wọn a sì lè sùn lórí àga. Ìyẹn ni mo pè ní ìsinmi.

Láti ọjọ́ kẹta, a kò ṣe ètò ọjọ́ fúnra wa mọ́, a jẹ́ kí adágún bá wa ṣe é. Ní àárọ̀, omi a dákẹ́ rọ́rọ́, òkè òdìkejì a hàn nínú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n yà á sí i, nítorí náà àárọ̀ ni a ń wa ọkọ̀, tí a sì ń lúwẹ̀ẹ́. Bí oòrùn bá ti mú ara òkè gbóná, afẹ́fẹ́ àfonífojì a máa fẹ́ gòkè, omi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Èyí ni àmì pé kí a wá sí èbúté. Ní ọ̀sán, gbogbo wa a wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń ta ayò. Lálẹ́, afẹ́fẹ́ a yí padà, a máa ṣàn wálẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú òtútù, a ó sì wọ ẹ̀wù òtútù wa jókòó síta láìtan iná, tí a ń wo ìràwọ̀ tí ó pọ̀ débi pé ọmọ mi obìnrin tí ó jẹ́ àkọ́bí kò rí fóònù rẹ̀ rò.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni ìjì dé. Láti agogo mọ́kànlá ni ìkùukùu funfun ti ń dìde lẹ́yìn òkè, tí ó ń ga bí òkìtì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń dúdú. Nígbà tí mànàmáná kọ àkọ́kọ́, a ti wà nílé, àwọn ọmọ sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá fi sán: mọ́kànlélógún. Ohùn àrá ń rin kìlómítà kan ní bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, nítorí náà ó jìnnà sí wa ní kìlómítà méje péré. Òfin tí a dì mú ni pé bí kíkà náà kò bá tó ọgbọ̀n, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lórí omi tàbí lábẹ́ igi, a kò sì ní jáde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tí ó kẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn ni ó ń wo aago fún wa, ó sì dá wa padà lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọmọ ráhùn ní ọjọ́ kẹta pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Mi ò wá nǹkan kan fún wọn. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ṣa òkúta pẹlẹbẹ jọ sétí omi, wọ́n ń sọ wọ́n kí wọ́n lè máa ta lórí omi, ìyá mi sì jókòó sétí èbúté, ẹsẹ̀ wọn nínú omi, tí wọ́n ń ka iye ìgbà tí òkúta kọ̀ọ̀kan ta. Èyí tí ó ta jù ta ní ìgbà mẹ́jọ. Ìyá mi ni wọ́n sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, bí mo ṣe ń sá àwọn ẹ̀wù ìléfòó sórí okùn kí omi lè ro lára wọn, ìyá mi pè mí láti orí èbúté pé kí n bi olùtọ́jú ilé bóyá yàrá ìsàlẹ̀ yẹn yóò ṣófo ní irú àkókò yìí lọ́dún tí ń bọ̀. Mo sọ fún wọn pé mo ti bi í láti àná, mo sì ti san àsansílẹ̀.